Ààyè Mẹ́fà Lórí Fọ́ọ̀mù

Ènìyàn mẹ́jọ ni à ń gbé inú yàrá méjì ní Onígbòǹgbò: bàbá mi, ìyá mi, màmá àgbà tí wọ́n bí bàbá mi, èmi, àbúrò mi ọkùnrin, Táíwò àti Kẹ́hìndé, àti ọmọbìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ọmọ Àǹtí nígbà náà. Ààyè mẹ́fà péré ni ó wà lórí fọ́ọ̀mù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo kọ orúkọ sínú àwọn ààyè náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, mo sì rò pé ìṣirò lásán ni.

Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí. Iṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n ń ṣe ní Agége. Ọ̀yàyà wọn pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ọsibítù sétí. Bí orí bá ń fọ́ wọn, wọn a rán ọmọ wọn sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì láti ra oògùn ẹlẹ́yọ méjì. Wọ́n máa ń sọ pé, "Bí mo bá dé ọsibítù, owó káàdì ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí, kí wọ́n tó bi mí ní ohun tó ń ṣe mí." Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá wọn fínra tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀. Wọ́n jáde láyé ní ọdún 2019. Ọmọ wọn kan ṣoṣo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá mi lọ mú un wá pẹ̀lú báàgì kan àti ẹ̀rọ ìránṣọ Àǹtí. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sùn láàárín èmi àti ògiri. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa a máa bèèrè pé, "Ọmọ ta nìyí?" Àwa náà a dáhùn pé, "Ọmọ Àǹtí ni." Bí èsì yẹn ṣe di orúkọ rẹ̀ nínú ilé nìyẹn.

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní ọ̀nà Ọba Àkran ní Ìkẹjà. Láàárọ̀, wọn a wọ dáńfó ní Maryland, wọn a gba ọ̀nà Mobolaji Bank Anthony títí dé abẹ́ bíríìjì Ìkẹjà, wọn a sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti wà níbẹ̀, síbẹ̀ kásúà ni wọ́n. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣírò owó wọn. Ọjọ́ tí wọn kò bá lọ, kò sí owó. Ìyá mi ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́bàá ọ̀nà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, aṣojú kan wá sí àdúgbò wa láti sọ̀rọ̀ nípa Ìlera Èkó. Orúkọ tí àwọn ará Èkó mọ ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa sí nìyẹn. Òfin rẹ̀ ti wà láti ọdún 2015, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní LASHMA ni ó ń bójú tó o. Aṣojú náà fi àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá ní ọjà ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún wa. Nínú àjọ ọjà, kálukú ló ní ọjọ́ ìkó tirẹ̀. Nínú èyí, ẹni tí àìsàn bá kàn ni ó ń kó. Ẹni tí ara rẹ̀ bá le láti oṣù Kínní dé oṣù Kejìlá kò kó nǹkan kan, ó sì yẹ kí ó dúpẹ́ pé òun kò kó.

Owó ọdún kan nígbà náà jẹ́ 8,500 náírà fún ẹnì kan, àti 40,000 náírà fún ìdílé ènìyàn mẹ́fà: bàbá, ìyá, àti ọmọ mẹ́rin tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 18. Iye náà ti gòkè láti ìgbà yẹn. Kí ẹ lè mọ bí 40,000 ṣe wúwo tó ní ilé wa, 30,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún náà.

Màmá àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ìkirè ni a ti wá. Àwa kì í ṣe ọmọ Èkó. Ṣé ẹ ò ní gba owó wa tán, kí ẹ wá ní a kì í ṣe ara yín?"

Aṣojú náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, a kò bèèrè ibi tí wọ́n ti bí yín. Ibi tí ẹ ń gbé ni à ń bèèrè. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé Èkó lè wọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ya màmá àgbà lẹ́nu. Kò yà mí lẹ́nu pé ó yà wọ́n lẹ́nu. Gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo ti kọ láti kékeré ló ń bèèrè ìlú àti ìpínlẹ̀ bàbá mi, bí ẹni pé ibẹ̀ ni mo ti máa ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ nìyẹn pé ilé tí à ń gbé tó láti jẹ́ kí wọ́n kà wá mọ́ ènìyàn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá mi bèèrè: "Kásúà ńkọ́?"

Aṣojú náà ní, "Kásúà, ọlọ́jà, awakọ̀, gbogbo yín ni."

Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ṣe fún oṣù méjì gbáko kí owó náà tó pé.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a máa dá fọ́ọ̀mù padà, bàbá mi ti wọ bàtà iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ti ń kánjú. Wọ́n nà án sí mi. Wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ̀wé jù wá lọ. Kọ orúkọ gbogbo àwọn ọmọ síbẹ̀." Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà ọjọ́ kejì lẹ́yìn ilé.

Mo kọ orúkọ bàbá mi. Mo kọ orúkọ ìyá mi. Mo kọ tèmi, ti àbúrò mi ọkùnrin, ti Táíwò, ti Kẹ́hìndé. Fọ́ọ̀mù kún. Mo gbé bírò sókè, mo sì wo ọ̀kánkán. Ọmọ Àǹtí jókòó sórí ẹní, ó ń fi gègé àwọ̀ kun àwòrán ilé tó yà. Mo mọ̀ pé ọmọ márùn-ún ni a jẹ́. Mo mọ̀ pé mo lè dìde lọ bá ìyá mi lẹ́yìn ilé kí n sọ pé ààyè kò tó. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé wọ́n ní ọmọ mẹ́rin, àwa mẹ́rin ni wọ́n sì bí. Mo pa fọ́ọ̀mù dé, mo lọ sùn.

Ní oṣù Keje ọdún náà, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, omi sì dúró sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ibà mú Kẹ́hìndé àti Ọmọ Àǹtí lóru ọjọ́ kan náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi pọn Kẹ́hìndé, mo di Ọmọ Àǹtí mú lọ́wọ́, a sì forí lé ilé ìwòsàn tí wọ́n yàn fún wa nínú ètò náà.

Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí tábìlì yẹ orúkọ Kẹ́hìndé wò, ó ní kí a jókòó. Lẹ́yìn náà ó wo èkejì.

"Káàdì tirẹ̀ ńkọ́, Mà?"

Ìyá mi dáhùn pé, "Ọmọ mi ni òun náà. Ẹ wò ó dáadáa, ó wà níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì náà wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò fi ohùn líle sọ̀rọ̀. Ká ní ó jágbe mọ́ wa ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ó ní, "Ọmọ mẹ́rin ló wà níbí, Mà. Orúkọ tirẹ̀ kò sí."

Ìyá mi yíjú sí mi. Mo ń wo ilẹ̀. Ọmọ Àǹtí ń wo ìyá mi.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé wò, wọ́n fún un lóògùn, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ibà ti Ọmọ Àǹtí le ju tirẹ̀ lọ. Kò lè mu omi kó dúró nínú rẹ̀. Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n fa omi sí i lára. 23,000 náírà ni ìyá mi san. Inú owó àjọ tí wọ́n fẹ́ fi ra firísà àlòkù fún ọjà wọn ni ó ti jáde. Yàrá kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì ń sùn, abẹ́ àpò ẹ̀fọn kan náà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀fọn kan náà ló jẹ wọ́n. Ẹ̀fọn kò bèèrè ẹni tó bí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó padà sílé, ó dùbúlẹ̀ sí ipò rẹ̀ láàárín èmi àti ògiri. Mo rò pé ó ti sùn. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé torí pé màmá mi kò sí mọ́ ni orúkọ mi kò fi sí níbẹ̀?"

Mo ní, "Rárá o. Wọ́n ṣe àṣìṣe ni."

Irọ́ ni mo pa fún un. Kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe. Èmi ni mo ṣe é, mo sì mọ̀ pé mo ń ṣe é.

N kò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Nígbà tí bàbá mi ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé ní kùtù, mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn àti ìyá mi, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ń retí ìgbátí. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, "Ní ilé iṣẹ́ wa, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí ilé iṣẹ́ máa sanwó ìtọ́jú wọn mọ́ ara ògiri. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún padà kà á. Ìdí ẹ̀rọ kan náà ni èmi àti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ jọ ń dúró sí. Bí ẹ̀rọ yẹn bá fẹ́ gé ọwọ́, kò ní bèèrè ẹni tó jẹ́ kásúà. Mo mọ bó ṣe rí lára ẹni tó ń wá orúkọ rẹ̀ tí kò rí i. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n nínú ilé mi."

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Ìgbátí ì bá sàn fún mi.

Ìyá mi kò bá mi wí rárá. Wọ́n lọ mú ìwé tí aṣojú náà fi sílẹ̀, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, wọ́n ní kí n ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè. Mo kà á: ẹnì kan, ọdún kan, 8,500 náírà. Mo ti rí ìlà yìí ní ọjọ́ tí mo ń kọ fọ́ọ̀mù. Bí mo bá ti béèrè ni, ìyá mi ì bá wá owó náà. Èyí ni ó ń dùn mí títí di òní. Òfin kò lé àbúrò mi síta. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé Èkó ni ó ń gbé. Ohun tí kò ní ni ẹni tí yóò pe orúkọ rẹ̀ nígbà tí ààyè kún. Èmi ni bírò wà lọ́wọ́ mi.

Màmá àgbà ti ń gbọ́ wa láti inú yàrá. Wọ́n jáde, wọ́n ní, "Ojú méjì ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Ṣé ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù yẹn kò gbọ́ òwe yìí rí ni?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Mo fọ́ kóló mi. 3,200 náírà ni ó wà nínú rẹ̀. Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọn kò ní kí n máa gbé e lọ, wọ́n sì fi ìyókù kún un. Nígbà tí fọ́ọ̀mù tuntun dé, n kò kọ ọ́. Mo gbé bírò fún àbúrò mi, mo ní kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Ó kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀ tí kò mọ̀ rí, lẹ́tà rẹ̀ tẹ̀ sí apá kan bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Lẹ́yìn ọdún Kérésì, wọ́n san ti màmá àgbà náà.

Nísinsìnyí tí mo ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo ti kà nípa ọ̀rọ̀ yìí ju ìgbà yẹn lọ. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ mẹ́rin kò bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Ní ọdún 1999 ni òfin adójútòfò ìlera àkọ́kọ́ ti Nàìjíríà jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005. Nínú ètò tí wọ́n ṣe fún òṣìṣẹ́, ẹni tí wọ́n ń kà ni òṣìṣẹ́ náà, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí ó bí fúnra rẹ̀ tí wọn kò tíì pé ọdún 18. Mo gbìyànjú láti lóye ìdí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá san owó kan, tí ó sì kó ogún ènìyàn wá, àjọ náà yóò fọ́, kò sì ní sí nǹkan kan fún ẹni tí àìsàn kàn. Gbogbo àjọ ló gbọ́dọ̀ ní òǹkà. N kò bínú sí òǹkà.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Oṣù méjì péré ni ó fi ṣáájú ibà tí mo sọ yìí. Òfin náà dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí agbára wọn kò ká a, ó sì ka wọn lẹ́sẹẹsẹ: ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aboyún, arúgbó, ẹni tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ, àti aláìní. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu náà fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ ọ́ di dandan ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Nígbà tí mo ka ìlà àwọn tí òfin ka náà, mo ń wá àbúrò mi níbẹ̀ bí bàbá mi ṣe wá orúkọ ara wọn lára ògiri. Ó ti kọjá ọdún márùn-ún. Ara rẹ̀ pé. Bí wọ́n bá sì ní aláìní ni, wọ́n á bèèrè bóyá ẹni tó ń tọ́ ọ ní iṣẹ́, a ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tí ẹbí gbà tọ́ wà láàárín ìlà kan àti èkejì. Irú wọn sì pọ̀ ní àdúgbò wa. Mo ka ilé mẹ́ta ní òpópónà wa nìkan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò ń gbé. Ohun tí mo rò ni pé bí nǹkan bá ti di dandan fún gbogbo ènìyàn, ó yẹ kí ó rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti wọ̀ ọ́. Kí òǹkà mẹ́rin dúró bí owó bá ní kó dúró, ṣùgbọ́n kí fọ́ọ̀mù náà bèèrè ìbéèrè kan sí i ní ìsàlẹ̀: ta ni ó tún ń sùn nínú ilé yìí? Ìbéèrè yẹn kò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá ti bi mí ní ọdún 2022, n kò rò pé ì bá ṣeé ṣe fún mi láti purọ́.

Ní ọdún 2027, èmi náà yóò pé ọmọ ọdún 18. Orúkọ mi yóò kúrò lórí ìwé ìdílé, n ó sì di ẹni tó gbọ́dọ̀ dá dúró, bí àbúrò mi ṣe dá dúró láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ti pé méjìlá báyìí. Ó ti ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ tún aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wa ṣe. Ní oṣù tó kọjá, olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ wa rí wa pa pọ̀, ó sì bi mí pé, "Ọmọ ta nìyí?" Mo ní, "Àbúrò mi ni, Mà." Olùkọ́ náà wo ojú wa méjèèjì, ó ní a jọra.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ bá ka èyí, ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi tí wọ́n máa ń gbé bírò lé lọ́wọ́ nítorí pé ẹ mọ̀wé: ẹ ka àwọn tó ń jẹun nínú ìkòkò ilé yín, kí ẹ sì ka orúkọ tó wà lórí ìwé. Bí òǹkà méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ yí ẹ̀yìn ìwé náà padà, kí ẹ sì béèrè. Ẹ má ṣe bíi tèmi tí mo pa fọ́ọ̀mù dé, tí mo lọ sùn.